Nọ́ńbà Kọkànlélọ́gọ́ta

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní ọdún 2016, alága ìdúró gba máíkì, ó ní, "Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní o!" Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn, títí kan àwọn tó ń bu ìrẹsì lẹ́yìn, "Àmín!" Èmi náà ṣe àmín, mo tiẹ̀ fọwọ́ bojú bíi pé ojú ń tì mí. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹ̀yìn mi mẹní dáadáa. Ó mọ bẹ́ẹ̀dì, ó mọ bẹ́ǹṣì onígi, ó mọ tábìlì àyẹ̀wò tí wọ́n ti máa ń sọ fún èèyàn pé, "Ẹ tún sún wá sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, Mọ́mì."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti Mọ́mì yìí kúrò lọ́kàn. Nílé ìwòsàn l'Ékòó, obìnrin tó bá ti tó ẹni tó ń bímọ, Mọ́mì ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ò fi gún ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bù fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ẹ̀ka ìtọ́jú àìrọ́mọbí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí ogún obìnrin jókòó sí, tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé tiwa rí, tí ẹnì kan sì yọrí lẹ́nu ọ̀nà pariwo pé, "Mọ́mì, ta ló kàn?" Gbogbo wa á dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó lọ jìnnà: ìṣòro tiwa, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló pọ̀ sí. Àtọ̀ rẹ̀ kéré níye, èyí tó sì wà níbẹ̀ kì í lè rìn dáadáa. Mo gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má bu iyọ̀ sí i. Dókítà sọ fún wa pé nínú tọkọtaya méjì tó ń wá ọmọ tí kò rí, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ti ọ̀kan. Ẹ lọ sọ ìyẹn ní Ìtirẹ́, kí ẹ wá fún mi lábọ̀.

Fún ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá ọkọ mi fi ń gbé àgbo wá fún mi láti Ìjẹ̀bú, nínú ìgò Ragolis. Mo ń mu ún. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Sunday kan ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí èsì àyẹ̀wò ti jáde, wọ́n tún gbé ìgò tuntun kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọkọ mi na ọwọ́, ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu, kò gbé e kúrò títí ó fi tán. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Màámi, èmi ni ẹ máa sè é fún." Ìyá náà wò ó, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú ìgò náà, wọ́n wọ kíṣìnì lọ fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ìgò méjì ni wọ́n ń gbé wá.

Ohun tí dókítà ní kí a ṣe ni ICSI. Irú IVF kan ni, ìyẹn kí wọ́n so àtọ̀ àti ẹyin pọ̀ níta ara: dípò kí wọ́n da àtọ̀ lé ẹyin lórí nínú àwo kí wọ́n máa wò ó, wọ́n á mú àtọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tínínrín tì í wọ inú ẹyin. Brussels ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde pé ó ti yọrí sí ọmọ, ní 1992. Fún ọkùnrin tó ní irú ìṣòro ọkọ mi, ọ̀nà ńlá ló là.

A kọ́kọ́ lọ sí ti aládàáni kan ní Victoria Island. Wọ́n fún wa ní omi tútù, wọ́n fún wa ní ìwé tó ń dán. Iye tó wà lójú ewé tó kẹ́yìn ju owó oṣù àwa méjèèjì fún odindi ọdún kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni iye yẹn wà fún, bó jẹ́, bí kò jẹ́. Nígbà tí a ń padà, a gun Afárá Èkó, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀ ní Ìjọra. Káàdì ìlera ibi iṣẹ́ mi ńkọ́? Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ohun tí wọn kì í sanwó fún, IVF wà níbẹ̀, ìlà kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ọkọ mi ní, "Àṣé ẹni tó ń tún imú ṣe àti ẹni tó ń wá ọmọ, ọ̀kan náà ni wá."

Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ìjọba nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì ń lọ síbẹ̀, àti pé mo ti rí nọ́ọ̀sì tó fowó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ níbẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Ìjọba ló kọ́ ilé, ìjọba ló ra ẹ̀rọ, ìjọba ló ń san owó oṣù àwọn dókítà. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọjú. Oògùn àti àwọn èlò, àwa la máa rà á.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé inú ilé ìwòsàn ìjọba gan-an ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Ní LUTH, Ìdí-Àràbà níbí, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé (kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ mi wà o), ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti ṣe iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1980, tí ọmọ àkọ́kọ́ fi dé ní 1989. Oṣù July 1978 ni wọ́n bí Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ lágbàáyé, ní Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 11 péré ló wà láàárín wọn! Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí Oldham rárá nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ náà tẹ̀lé owó kọjá afárá.

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé. Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà náà. Ìwé ńlá ni, irú èyí tí àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà fi ń kọ gbèsè, èèpo dúdú, igun rẹ̀ pupa. Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, a ó pè yín." Mi ò bèèrè pé ìgbà wo. Mi ò bèèrè pé ẹni mélòó ló wà níwájú mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé wa nìyẹn: ẹni tó wá tọrọ kì í dá ọjọ́ fún ẹni tó fẹ́ fún un.

Ìlà náà ń falẹ̀ nítorí pé wọn kì í ṣe é lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Omi tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹyin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó o jáde, òkèèrè ló ti ń wá, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá ti ṣí i. Nítorí náà wọ́n máa ń kó wa jọ kí iye wa lè tó ohun tí wọ́n máa ṣí i fún. Báàṣì là ń pè é. Tí báàṣì kan bá lọ, ẹ máa retí òmíràn. Tí jẹnẹrétọ̀ bá bàjẹ́, kò sí báàṣì. Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ inú láàbù bá gba físà lọ sí Kánádà, kò sí báàṣì títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni ayé wọlé. Ní 30 March 2020 wọ́n sé Èkó mọ́lé, ẹ̀ka tiwa náà ti ìlẹ̀kùn. Ní 2021 àwọn dókítà résídẹ́ǹtì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2 August, wọn ò padà títí di oṣù October. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí ebi ń pa ò lè máa wá ọmọ fún mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹyin ò bá wọn da iṣẹ́ sílẹ̀. Ara obìnrin kì í pèsè ẹyin tuntun. Gbogbo èyí tó máa ní ló bá a wáyé, mílíọ̀nù kan sí méjì, ó sì ti ku nǹkan bíi 300,000 sí 400,000 tó bá fi máa bàlágà, kó tó rí ọkọ kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní AMH, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tó kù. Tèmi jẹ́ 2.1 ní 2019. Ní 2023 ó jẹ́ 1.2. Ìlà kan ń fà bí ìgbín, èkejì ń sá bíi dánfó tó rí LASTMA. Àárín méjèèjì ni mo dúró sí, tí àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà.

Mo gbà pé baba ìwà ni. Ẹyin mi ò sí lára àwọn ọmọ rẹ̀.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni mo gba ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, mo lọ bèèrè ara mi. Nọ́ọ̀sì tó wà lórí àga jẹ́ ẹni tuntun, ọmọdé. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka wá a lọ sókè, ó fi wá a bọ̀ sísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, orúkọ yín ò sí níbí."

Mo ní, "Ìwé ọdún 2019 ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kún. A ti bẹ̀rẹ̀ tuntun."

"Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ó dákẹ́. Mo rí i pé kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè yẹn rí. Ó gbìyànjú, ó dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mátírọ́ọ̀nù ló wá láti yàrá kejì, ó bojú wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìwé kan lábẹ́ fáànù onídùúró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Fáànù náà wó. Ìwé mi rèé: èèpo dúdú, igun pupa, àmì ẹsẹ̀ fáànù lójú rẹ̀ róbótó. A jọ ṣí i. Orúkọ mi wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, 34, bíi pé mo ṣì wà níbẹ̀.

Mi ò pariwo. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde, irú èyí tó máa ń mú imú dà. Mátírọ́ọ̀nù fún mi ní bébà, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n mú kálámù. Wọ́n ka àwọn tí wọ́n ti pè nínú ìwé náà, wọ́n fàlà sí wọn lórí. Àwọn tó ti lóyún fúnra wọn, wọ́n fàlà. Àwọn tí nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́, wọ́n fàlà. Wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́kù pọ̀ mọ́ ti ìwé tuntun. Ó gbà wọ́n tó wákàtí kan. Wọ́n ní, "Ẹni kọkànlélọ́gọ́ta ni ẹ́, ọmọ mi."

Ó lè ṣòro fún yín láti gbà gbọ́, ṣùgbọ́n mo jáde níbẹ̀ tí ara mi fúyẹ́. Èèyàn 60 wà níwájú mi! Kò sí ohun tó dùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Ojúẹlẹ́gba rí nígbà tí òjò ń bọ̀, tí kò sí ìlà, tí ẹ ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan ń bọ̀ tàbí kò bọ̀, tí gbogbo èèyàn ń na ọrùn. Ẹ sì ti dúró lórí ìlà BRT tó gùn dé ìta, tí ẹ lè ka orí àwọn tó wà níwájú yín. Ìkejì lè pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀ èèyàn lè jẹ gúgúrú lórí ìlà BRT. Èèyàn lè pe ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi na ọrùn. Ọrùn ló ń dùn mí, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti béèrè nǹkan kan ṣoṣo: "Ẹni mélòó ni mí báyìí?" Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé tèmi. 61. 61. 58. 58. 58. 49. Ní June ọdún náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 kọjá ₦600 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó fi máa di 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Abẹ́rẹ́ wa kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀tà. Àwọn kan gbọ́ iye rẹ̀, wọ́n kúrò lórí ìlà. Oṣù kan ni mo bọ́ láti 49 sí 37. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi ò sì dùn, torí mo mọ ohun tó gbé mi síwájú.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti rí àwọn mẹ́ta mi. Alhaja láti Mushin, ìyàwó pásítọ̀ kan, àti ọmọge kan tí a ń pè ní Sísí Yába bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní 36. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ oyún. Nọ́ńbà là ń sọ. "Mo ti di 22 o." "Mo kí ẹ, èmi wà ní 30." A jọ mọ bí wọ́n ṣe ń lọ síbi ìkómọ: tètè dé, fún wọn lẹ́bùn, bá wọn gbé kúlà, kí o sì ti jáde kí wọ́n tó máa gbé ọmọ yípo. Ìyàwó pásítọ̀ ló ṣòro fún jù, nítorí òun ni wọ́n ń gbé ọmọ fún láti gbàdúrà lé lórí. Èmi ti yanjú ti ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ní 2022. Tí wọ́n bá ní kí àwọn tó ń wojú Olúwa fún èso inú jáde síwájú, mo máa ń jókòó. Mo lè wojú Rẹ̀ láti orí àga mi.

Sísí Yába ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo jí ní aago márùn-ún ìdájí, mo bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù: "Ó dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn lónìí." Mo ka ìlà kejì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mọ̀ pé a máa sunkún kí inú wa tó dùn, ó sì fún wa láyè fún méjèèjì. Títí di alẹ́ ọjọ́ kejì kó tó di pé Alhaja kọ "Alhamdulillah" ránṣẹ́, tí àwa yòókù tẹ̀ lé e.

Àbúrò mi obìnrin wà ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ń dúró. Mo jowú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìgbà. Níbẹ̀, ìjọba ló ń sanwó. NICE, àjọ tó ń gba NHS (ètò ìlera ìjọba wọn) nímọ̀ràn, ti sọ ọ́ ní 2013 pé obìnrin tí kò tíì pé 40, tó ti gbìyànjú fún ọdún méjì, yẹ kó rí ìtọ́jú gbà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Mo ní kí ó tún un sọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀, ibòmíràn kì í fún wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n fún un lọ́jọ́, gbogbo rẹ̀ wà létòlétò. Lẹ́yìn oṣù 14 ni wọ́n kọ̀wé pé kò tọ́ sí wọn, nítorí ọkọ rẹ̀ ti bí ọmọ kan kí wọ́n tó pàdé. Ọmọ náà wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò pe àbúrò mi ní Mọ́mì rí. Àmọ́ lójú ìwé, tọkọtaya tó ti lọ́mọ ni wọ́n. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì wà lórí ìlà tiyín. Èmi ò ní ìlà mọ́." Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo béèrè ohun tó jẹ lọ́jọ́ náà. Kò tíì jẹun. Mo dúró lórí fóònù títí ó fi se indomie.

Oṣù tó kọjá, ní ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi dún níbi iṣẹ́ ní Broad Street. Mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn ni. "Ẹni kọkànlélọ́gọ́ta," (wọn ò pè mí lórúkọ mìíràn mọ́ láti ọjọ́ fáànù), "ẹ wá gba lístì oògùn." Mo ti pé 39. Mo dáhùn "Yes ma", mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sì parí káńtà tí mo ń ṣe, nítorí ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dìde.

Abẹ́rẹ́ ni, ikùn ni wọ́n ń gún un sí, alaalẹ́, aago méje. Inú fìríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n. Kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Ní àdúgbò wa, iná lè lọ láti àárọ̀ títí di òru. Ìyá Wàsíù tó ń ta míńírà nísàlẹ̀ ilé wa ló ní sólà, àti fìríìjì onígíláàsì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Mo gbé páálí náà tọ̀ wọ́n lọ, mo ní oògùn kan ni, mi ò fẹ́ kí ó bàjẹ́. Wọn ò bi mí ní oògùn kí ni. Wọ́n sún Maltina sí ẹ̀gbẹ́ kan, Pepsi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n gbé e sáàárín.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta, gosiló ká mi mọ́ Costain. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ìkòríta: "Ìyàwó! Ìyàwó o! Aago ti ń lọ o!" Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fìríìjì sílẹ̀ dè mí. Mo na ọwọ́ sí páálí náà, mo rí i pé wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, wọ́n fi kálámù pupa kọ ọ́ gàdàgbà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri àwọn ilé ládùúgbò wa: KÌ Í ṢE TÍTÀ.